Iná inú jakúsì tó kú: ẹ má tíì da omi nù

Ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n tẹ bọ́tìnì iná jakúsì, agbada omi gbígbóná tí èèyàn ń jókòó sínú rẹ̀, omi ń ru gùdù, àmọ́ inú rẹ̀ dúdú bí inú kànga. Ohun tó sábà máa ń wá sí onílé lọ́kàn ni pé kí òun da omi náà nù kí òun lè dé ibi tí gílóòbù wà. Bẹ́ẹ̀, gílóòbù kò sí nínú omi rárá. Ẹ̀yìn ògiri jakúsì ló wà, níbi gbígbẹ, ike kan tó mọ́ gaara ló sì wà láàárín òun àti omi. Ó dùn mí pé omi tó lé ní ẹgbẹ̀rún lítà kan ń ṣòfò nítorí gílóòbù tí kò ju orí ìka lọ.

Jakúsì ẹ̀yìnkùlé irú èyí tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà ni mò ń sọ. Orúkọ ìdílé ni orúkọ náà: àwọn Jacuzzi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ṣí lọ sí California, ni wọ́n gbé ẹ̀rọ kékeré kan jáde ní 1956 tó ń ru omi nínú báàfù, nítorí ọmọ wọn kan tí àrùn oríkèé ń bá jà. Lónìí gbogbo irú agbada omi gbígbóná bẹ́ẹ̀ ni àwọn èèyàn ń pè ní jakúsì, ẹni yòówù kó ṣe é.

Wọ́n gbẹ́ ihò róbótó sára ògiri jakúsì. Láti inú ni wọ́n ti ki ike ojú iná bọ ihò náà, rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà láàárín ike àti ògiri kí omi má baà jò, nọ́ọ̀tì ńlá kan sì fún un mọ́ra láti ẹ̀yìn. Àwo kékeré tó gbé gílóòbù dání wọ inú ẹ̀yìn ike yìí, wáyà méjì sì ti ibẹ̀ lọ sínú àpótí tó ń darí jakúsì. Volt 240 ló ń wọ àpótí náà nínú jakúsì tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n nǹkan bíi volt 10 sí 12 péré ló ń jáde lọ sí iná. Èyí ni wọ́n fi lè gbé iná sún mọ́ omi tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti tún iná inú omi ìlúwẹ̀ẹ́ ńlá ṣe rí lè ṣìnà níbí. Ọ̀pọ̀ iná tọ̀hún wà nínú omi lóòótọ́, wáyà rẹ̀ sì gùn tó láti fà á jáde sórí ilẹ̀. Ti jakúsì kò rí bẹ́ẹ̀.

Volt 12 yìí kò gbọ́dọ̀ tan ẹnikẹ́ni jẹ. Inú àyè kan náà lẹ́yìn ògiri jakúsì ni pọ́ǹpù àti ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná wà, volt 240 sì ń ṣiṣẹ́ lára wọn. Pípa jakúsì láti ojú bọ́tìnì rẹ̀ kò tó, nítorí iná ṣì wà nínú àpótí, pọ́ǹpù sì lè ta jí fúnra rẹ̀. Òfin iná Amẹ́ríkà fẹ́ kí ibi tí wọ́n ti ń já iná wà níbi tí ojú ti lè rí i láti ìdí jakúsì, kó sì jìn sí omi tó ẹsẹ̀ bàtà 5 ó kéré tán. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti pa á. Bíréékà tí wọ́n ń pè ní GFCI sábà máa ń wà níbẹ̀: ó ń fi iná tó lọ wé iná tó padà, tí ìyàtọ̀ bá ti tó nǹkan bíi milliampere 5, á já a kíákíá, torí iná tí kò padà ti gba ibòmíràn lọ, ó sì lè jẹ́ ara èèyàn.

Tí iná bá ti kúrò, kí wọ́n ṣí pátákó ẹ̀gbẹ́ tó bo àyè náà. Tí fóòmù bá kún ibẹ̀, ọwọ́ ni kí wọ́n fi bù ú. Ọ̀bẹ lè gé wáyà tàbí rọ́bà omi tó sá pamọ́ sínú rẹ̀. Àwo gílóòbù sábà máa ń yí sí òsì, á sì jáde. Gílóòbù àtijọ́ kò ní ẹsẹ̀ tí à ń yí, fífà ni à ń fà á. Bó bá dúdú nínú tàbí tí okùn irin tín-ín-rín inú rẹ̀ ti já, kí wọ́n fi tuntun síbẹ̀. Bí ojú irin sòkẹ́ẹ̀tì bá hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé, ibẹ̀ ni àìsàn wà. Gílóòbù ìgbàlódé tí wọ́n ń pè ní LED, òmíràn nínú wọn kì í tàn tí wọ́n bá ki í bọ̀ ní òdì, yíyí i padà ti tó. Bí gílóòbù tuntun kò bá tàn, fíúùsì tàbí wáyà ni kí wọ́n yẹ̀ wò, oníná ló sì yẹ kó fi mítà wọn èyí.

Ọ̀rọ̀ yí padà tó bá jẹ́ ike ojú iná ló fọ́. Kẹ́míkà tó ń pa kòkòrò inú omi máa ń sọ ike di gbígbẹ bí ọdún ti ń gorí ọdún, gìgísẹ̀ ẹni tó jókòó sínú omi sì lè là á. Àmì rẹ̀ ni pé ẹ̀yìn iná á tutù fún omi, omi á sì máa lọ sílẹ̀ títí tó fi dọ́gba pẹ̀lú iná, kó tó dúró. Níbí, omi ní láti kúrò dandan, ó kéré tán kó lọ sí ìsàlẹ̀ ihò náà, nítorí ike yìí jẹ́ apá kan ògiri jakúsì.

Kí wọ́n tó ra òmíràn, ihò ni kí wọ́n wọ̀n. Ojú iná méjì lè bára dọ́gba níwájú kí ihò wọn má dọ́gba, nítorí náà ó dára kí wọ́n gbé èyí tó fọ́ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kí ẹnì kan di ojú iná mú láti inú, kí èkejì tú nọ́ọ̀tì lẹ́yìn. Kí wọ́n nu gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò láìha ògiri, kí wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i, kí wọ́n sì fi ọwọ́ fún nọ́ọ̀tì náà, pẹ̀lú díẹ̀ lé e. Àfúnjù máa ń wọ́ rọ́bà kúrò láyè rẹ̀, omi á sì tún jò.

Nígbà òtútù tí omi ń di yìnyín, wọn kò gbọ́dọ̀ fi jakúsì sílẹ̀ lófìfo sùn, torí omi tó kù nínú páìpù lè dì kó sì là á. Iná kò sì gbọ́dọ̀ padà kí omi tó kún, torí ẹ̀rọ ìgbóná tó ń ṣiṣẹ́ láìsí omi á jóná. Kí wọ́n fi tíṣù gbígbẹ yí nọ́ọ̀tì ká bí omi ti ń gòkè kọjá ojú iná. Bí tíṣù náà bá ṣì gbẹ ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n dá fóòmù àti pátákó padà sáyè wọn.