The Rolling Stones (àwo orin ọdún 1964)

The Rolling Stones ni àwo ńlá àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ olórin Rolling Stones ti ìlú London gbé jáde. Ilé iṣẹ́ Decca ló tà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹrin ọdún 1964, nọ́ńbà tí wọ́n fún un sì ni LK 4605. Orin 12 ló wà nínú rẹ̀, mẹ́fà ní ojú kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 33. Nínú àwọn àwo rhythm and blues tí àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ṣe, díẹ̀ ló gbajúmọ̀ tó o. Ohùn rẹ̀ le, ó gbẹ, kò kun atíkè rárá. Yàrá tí wọ́n ti gbà á sílẹ̀ àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi gbà á ló fún un ní ohùn yẹn, ìdí sì nìyẹn tí àtẹ̀jáde tí èèyàn bá rà fi ṣe pàtàkì gan-an.

Mick Jagger ló ń kọrin, Keith Richards àti Brian Jones ń ta gìtá, Bill Wyman ń ta gìtá báàsì, Charlie Watts ń lùlù. Ian Stewart tó ń tẹ dùùrù wà pẹ̀lú wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1963 ni wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́. Síbẹ̀ ó ń bá wọn ṣeré nínú àwo. Crawdaddy Club ní Richmond ni òkìkí wọn ti kàn. Dick Rowe ti Decca ló gbà wọ́n sílé iṣẹ́ náà ní ọdún 1963 kan náà, lẹ́yìn tí Decca ti kọ ẹgbẹ́ Beatles sílẹ̀.

Ìgbohùnsílẹ̀

Regent Sound, ní nọ́ńbà 4, Denmark Street, London, ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà ní oṣù Kìíní àti oṣù Kejì ọdún 1964. Bill Farley ló wà nídìí ẹ̀rọ. Andrew Loog Oldham àti Eric Easton ni orúkọ wọn wà gẹ́gẹ́ bí olùdarí iṣẹ́. Yàrá kékeré ni. Páálí tí wọ́n ń kó ẹyin sí ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kí ohùn má baà máa dún padà, ẹ̀rọ téèpù Revox tí kò ní ju ojú ọ̀nà méjì lọ (kò lè gba ju ohùn méjì lọ sílẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) sì ni wọ́n lò.

Ní sítúdíò ńlá, wọ́n á fi pákó gé ìlù kúrò lára gìtá, wọ́n á sì ti akọrin sí ìgun tirẹ̀. Kò sí àyè fún irú ìyẹn níbí. Ìlù Watts ń wọ makirofóònù Jagger, ariwo gìtá sì ń wọ makirofóònù tó wà níwájú ìlù. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ṣì í ta, kò ṣeé yọ ti ẹni yẹn nìkan kúrò. Gbogbo wọn ni yóò tún orin náà bẹ̀rẹ̀. Kí ohùn tó lè dọ́gba, ibi tí kálukú dúró sí àti bí ẹ̀rọ gìtá ṣe lágbára tó ni wọ́n gbọ́dọ̀ tò kí téèpù tó yí. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ohùn mìíràn kún èyí tí wọ́n ti gbà, àfi kí wọ́n máa ti inú téèpù kan dà á sí òmíràn, kí ẹni tó fẹ́ kún un sì máa ṣe tirẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dà á báyìí ni ariwo wíṣíwíṣí téèpù ń pọ̀ sí i, tí ohùn tínínrín bíi ti kímbálì (awo irin tí onílù ń lù) sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá tẹ́tí sí «Tell Me» dáadáa yóò gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ṣú ju ti «Route 66» lọ.

Àwọn orin

Mẹ́sàn-án nínú orin 12 náà jẹ́ orin àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Muddy Waters kọ «I Just Want to Make Love to You», tí Willie Dixon dá, sínú àwo ní ọdún 1954 pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Àwọn ọmọ London yìí sá a bí ẹni tí wọ́n ń lé. Jimmy Reed ló ni «Honest I Do», Chuck Berry ló ni «Carol», ti Rufus Thomas ni «Walking the Dog». Nínú «I'm a King Bee» ti Slim Harpo ni gìtá slide (èyí tí wọ́n ń fi ohun dídán yọ́ lórí okùn rẹ̀) tí Brian Jones ń ta ti dùn jù lọ nínú àwo náà, tí ó sì hàn gbangba pé wọ́n ti jókòó ti àwo àwọn àgbà fún ìgbà pípẹ́.

«Mona» ti Bo Diddley dá lórí ìlù márùn-ún, mẹ́ta kọ́kọ́, méjì tẹ̀ lé e. Ó sún mọ́ ìlù kláfè tí àwọn ará Kúbà ń lù gan-an, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀, Yorùbá pẹ̀lú, wà nínú orin Kúbà. Etí Yorùbá kì í pẹ́ mọ ibi tí irú ìlù bẹ́ẹ̀ ń lọ.

Mẹ́ta péré ni ti àwọn fúnra wọn. Orúkọ Nanker Phelge tó wà lára «Now I've Got a Witness» àti «Little by Little» ni wọ́n ń lò fún orin tí gbogbo ẹgbẹ́ bá jọ dá. Phil Spector, olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ ará Amẹ́ríkà, jọ dá «Little by Little» pẹ̀lú wọn, ó sì mi ṣẹ́rẹ́ nínú rẹ̀, nígbà tí Gene Pitney, akọrin ará Amẹ́ríkà, tẹ dùùrù. «Tell Me» nìkan ni Jagger àti Richards dá níbẹ̀.

Páálí àti ìtẹ́wọ́gbà

Nicholas Wright ló ya àwòrán iwájú. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́ níbẹ̀, kò sí àkọlé. Àmì Decca nìkan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àwọn márààrún. Oldham ló takú pé bẹ́ẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rí. Àwo náà wà ní ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́yìn tí Beatles ti jókòó sí ipò yẹn fún ọ̀sẹ̀ 51 láìdìde. Ní Amẹ́ríkà, London Records gbé e jáde ní ìparí oṣù Karùn-ún. Wọ́n fi «Not Fade Away» rọ́pò «Mona», wọ́n sì kọ̀wé sí iwájú páálí.

Bí a ṣe ń dá àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ mọ̀

Lébẹ̀ẹ̀lì rẹ̀ pupa, lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ fàdákà, orúkọ Decca kò sì sí nínú àpótí (ìlà onígun mẹ́rin tó yí i ká). Èyí tó ní àpótí jẹ́ ti nǹkan bí ọdún 1970 síwájú. (Decca yìí kan náà ló gbé àwo I.K. Dairo àti Haruna Ishola jáde.) Ẹ wo etí dídán tó wà láàárín orin ìkẹyìn àti lébẹ̀ẹ̀lì: XARL 6271 ni ojú kìíní, XARL 6272 ni ojú kejì. Bí ojú kejì bá parí sí 1A, «Tell Me» inú rẹ̀ jẹ́ èyí tó kúrú, ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú-àáyá 52. Àwọn tó tẹ̀ lé e gùn ju ìṣẹ́jú 4 lọ. Lára lébẹ̀ẹ̀lì àwọn tó kọ́kọ́ jáde, «I Need You Baby» ni wọ́n kọ dípò «Mona».

Lẹ́tà kékeré kan tún wà ní apá ọ̀tún etí dídán yẹn. Inú ọ̀rọ̀ BUCKINGHAM ni Decca ti ń mú un: B ni 1, U ni 2, títí dé A tó jẹ́ 9 àti M tó jẹ́ òdo. Ó ń sọ irin kẹloòó tí wọ́n fi tẹ àwo náà. UC jẹ́ irin kẹtàlélógún. Bí nọ́ńbà bá kéré, irin kò tíì jẹ púpọ̀, ohùn á mọ́. Páálí nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, nítorí ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti pààrọ̀ àwo inú rẹ̀.

Ewu tó tóbi jù ni apá ẹ̀rọ wíwúwo àtijọ́ tó ti họ inú ilà àwo. Àwo lè máa dán, kó sì ti bàjẹ́. Orin tó kẹ́yìn ojú kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́, nítorí ibi tí ilà ti sún mọ́ àárín ni ìbàjẹ́ ti ń hàn jù: bí ohùn Jagger bá ń fàya níbi tó bá ti pariwo, fífọ̀ kò lè wò ó sàn.

Lílo àti ìtọ́jú

Mono ni àwo yìí (ohùn kan náà ló ń jáde lọ́tùn-ún àti lósì), abẹ́rẹ́ mono tí orí rẹ̀ yípo ní nǹkan bí máíkírómítà 25 ló sì bá ilà rẹ̀ mu. Bí abẹ́rẹ́ stereo (ti àwo tí ohùn ọ̀tún àti ti òsì yàtọ̀ síra) nìkan ló wà, ẹ tẹ bọ́tìnnì mono lára ẹ̀rọ. Ìdí ni pé ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ni orin mono ń mi abẹ́rẹ́. Ohunkóhun tó bá ń mì ín sókè sódò, ariwo ẹ̀rọ tàbí ti eruku ni, bọ́tìnnì náà yóò sì pa á. Bí ìlà bá ti jẹ díẹ̀, abẹ́rẹ́ tó tẹ́ẹ́rẹ́ lè rí ibi tí abẹ́rẹ́ àtijọ́ kò kàn.

Omi tí wọ́n sè, tí wọ́n gba oru rẹ̀ kí iyọ̀ lè kúrò, tí kò sì ní ásíìdì, irú èyí tí wọ́n ń bù sí bátìrì mọ́tò, àti aṣọ rírọ̀ tó fún fífọ̀. Lébẹ̀ẹ̀lì kò gbọdọ̀ tutù. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ etí páálí tó bá ṣí, torí yóò bó ọ̀rá orí rẹ̀ kúrò. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ di stereo, bíi PS 375 ti Amẹ́ríkà: orin náà á fọ́nká, báàsì á ṣófo. Ẹni tí owó àtẹ̀jáde àkọ́kọ́ bá ga jù fún lè wá èyí tó wà nínú àkójọ mono tó jáde ní ọdún 2016, tí wọ́n gé ní Abbey Road.