Àdéhùn má-rà-lọ́wọ́-ẹlòmíì nínú òwò chip kọ̀ǹpútà

Àdéhùn má-rà-lọ́wọ́-ẹlòmíì ni èyí tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe chip, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, fi ń de oníbàárà rẹ̀ mọ́lẹ̀: bí oníbàárà bá ra gbogbo chip rẹ̀, tàbí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ náà, wọn á dá díẹ̀ padà fún un nínú owó tó san. Kì í ṣe ènì rárá. Ènì tí onígàrí ọjà Sábó ní Ìkòròdú ń bù sórí kóńgò kò kọjá gàrí ọjọ́ náà, kò sì ní kí ènìyàn má dúró lọ́dọ̀ onígàrí kejì.

Ìṣirò rẹ̀ ni agbára rẹ̀. Ká ní ẹnì kan tó ń to kọ̀ǹpútà tà ní Ìkòròdú nílò chip 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ₦20,000. Olùtajà kìíní ní òun yóò dín ₦2,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó bá ti lè ra 95 ó kéré tán. Bó ra 100, ₦1,800,000 ni yóò san. Bó bá ra 90, kó lè mú 10 lọ́dọ̀ olùtajà kejì, ẹ̀dínwó ti bọ́ lórí gbogbo rẹ̀: ₦1,800,000 yẹn náà ni. Olùtajà kejì ní láti fi chip 10 tọrẹ kí iye rẹ̀ tó dọ́gba, ì báà jẹ́ pé chip tirẹ̀ ló yá jù. Bó bá jẹ́ pé orí chip tó kọjá 95 nìkan ni ẹ̀dínwó wà, ₦19,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó fún un láti bá ẹnì kìíní dọ́gba.

AMD àti Intel jẹ́ ilé iṣẹ́ chip méjì tó ń bá ara wọn díje. Nínú ìwé ẹ̀sùn tí AMD fi pe Intel lẹ́jọ́ ní 2005, AMD ní òun fi chip mílíọ̀nù kan lọ HP, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà, lọ́fẹ̀ẹ́, 160,000 péré ni HP gbà. Ní oṣù Karùn-ún 2009, Ìgbìmọ̀ Ìṣọ̀kan Yúróòpù bu owó ìtanràn bílíọ̀nù 1.06 Yúrò lé Intel. Ìgbìmọ̀ náà ní ẹ̀dínwó HP dúró lórí pé kó ra ìdá 95 nínú 100 chip kọ̀ǹpútà orí tábìlì fún ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ Intel. Ti NEC, tí òun náà ń ṣe kọ̀ǹpútà, jẹ́ ìdá 80. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Intel san dọ́là bílíọ̀nù 1.25 fún AMD láti parí ìjà wọn.

Ilé ẹjọ́ Yúróòpù fagi lé ìtanràn náà ní 2022, èyí tó ga jù sì fọwọ́ sí ìfagilé náà ní 2024. Ohun tó ba ìtanràn náà jẹ́ ni pé ìgbìmọ̀ náà kò ṣe irú ìṣirò òkè yìí dáadáa. Owó tí Intel san kí HP, Acer àti Lenovo lè dá ọjà tó ní chip AMD dúró kò bá a lọ: ní 2023 ìgbìmọ̀ náà bu mílíọ̀nù 376 Yúrò lé e lórí ìyẹn.

Ní Nàìjíríà, òfin ìdíje ti 2018 ka mímú kí oníbàárà má bá abánidíje ṣòwò sí àṣìlò agbára, bí ẹni tó ṣe é bá ti jẹ gàba lórí ọjà.

Àdéhùn ilé iṣẹ́ kò ṣeé tú ní ṣọ́ọ̀bù. Chip AMD kò lè wọ bọ́ọ̀dù Intel, ìyẹn pátákó inú kọ̀ǹpútà tí chip ń jókòó sí; ojú ihò wọn yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù, wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ yẹ kó wò ó kó tó sanwó: tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, kọ msinfo32, kí o tẹ Enter. Orúkọ chip wà níwájú Processor. Má gbára lé sítíkà ara rẹ̀, nítorí ó ṣeé ṣí, ó sì ṣeé lẹ̀.