Asọ̀tàn tí kò ṣeé gbára lé: nígbà tí ọ̀rẹ́ bá ń sọ ìtàn ọ̀rẹ́ rẹ̀

Ẹni tó bá ka lítíréṣọ̀ Yorùbá níléèwé girama á rántí arínúróde, asọ̀tàn tó mọ ohun tó wà lọ́kàn gbogbo ẹ̀dá ìtàn, àti asọ̀tàn ojú-mi-ló-ṣe, tó ń fi “mo” àti “èmi” sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun alára. Inú àwọn ojú-mi-ló-ṣe la ti sábà máa ń rí asọ̀tàn tí kò ṣeé gbára lé. Ohùn tirẹ̀ nìkan là ń gbọ́, àwọn àgbà sì ti sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Wayne C. Booth, onímọ̀ lítíréṣọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló fi orúkọ yìí lélẹ̀ ní ọdún 1961. Lójú tirẹ̀, asọ̀tàn ṣeé gbára lé bí ọ̀rọ̀ àti ìwà rẹ̀ bá bá ìlànà tí ìwé náà dúró lé mu. Bí kò bá bá a mu, kò ṣeé gbára lé. Kò dìgbà tó bá jẹ́ òpùrọ́. Ó lè gba ohun tó ń sọ gbọ́ tọkàntọkàn. Ó lè jẹ́ ọmọdé tí ohun tó rí kò yé, ó sì lè jẹ́ ẹni tí ìfẹ́ ti bò lójú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló gbà mí lọ́kàn jù.

Ìlú New York láyé òfin ọtí bá irú asọ̀tàn bẹ́ẹ̀ mu gan-an. Ọjọ́ 17 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1920 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jákèjádò Amẹ́ríkà, ọjọ́ 5 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1933 ni wọ́n sì tó fagi lé e. Ṣíṣe ọtí, títà á àti gbígbé e kiri ló kà léèwọ̀. Kò ka mímu ún léèwọ̀. Dókítà pàápàá lè kọ wísíkì fún aláìsàn bí oògùn. Ilé ọtí abẹ́lẹ̀ wá kún ìgboro. Wàá kan ilẹ̀kùn, ẹnìkan á yọjú wò ọ́ láti inú ihò kékeré, wàá dárúkọ ẹni tó rán ọ wá. Tẹ́lẹ̀, ibùjókòó ọkùnrin ni ilé ọtí. Nínú ti abẹ́lẹ̀, tọkùnrin tobìnrin jọ ń mu, wọ́n jọ ń jó. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, ọmọlúàbí ọ̀sán lè di arúfin bílẹ̀ bá ti ṣú. Kí ọmọbìnrin tó ti ilé ẹ̀sìn líle wá, tó ń dá gbé nínú yàrá àyágbé, wá pàdé obìnrin tó gé irun mọ́lẹ̀, tó mọ gbogbo ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn. Obìnrin yẹn á di ojú tó fi ń ríran.

Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo kọ fún àlàyé yìí. Akọ̀wé kan ló ń sọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀:

“Èmi kì í ṣọ́ ènìyàn. Mo kàn mọ̀ pé ìbọ̀wọ́ ti òsì ló máa ń kọ́kọ́ bọ́, pé aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló wọlé lánàá, àti pé kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ó ní ó ti rẹ òun, kí n jẹ́ kí òun sùn. Ojú ló ń tì í láti sọ pé kí n jókòó. Mo jókòó.”

Gbólóhùn kejì ti wó àkọ́kọ́ palẹ̀: ta ni kì í ṣọ́ ènìyàn tó mọ ìṣẹ́jú tí ẹlòmíì wọlé? Ṣùgbọ́n “Ojú ló ń tì í” ló burú jù. Ọ̀rẹ́ ti sọ ohun tó fẹ́ yanjú. Asọ̀tàn ròyìn rẹ̀ bó ṣe rí, ó wá fi ìtumọ̀ tó wu òun bò ó mọ́lẹ̀. Òǹkọ̀wé dákẹ́ sẹ́yìn, ó jẹ́ kí àwa fúnra wa rí àlàfo tó wà láàárín ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí wọ́n ní ó ṣẹlẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀rẹ́ bá ọgbọ́n yìí mu ju olólùfẹ́ lọ, torí kò sẹ́ni tó ń bi ọ̀rẹ́ méjì pé kí ni wọ́n jẹ́ síra wọn. Kò sí ìdána, kò sí mọ̀lẹ́bí tó ń ṣèwádìí. Obìnrin méjì lè máa pín aṣọ wọ̀, kí ará ilé máa pè wọ́n ní kòríkòsùn, kí ọ̀kan sì ti máa gé irun bíi ti èkejì, kó máa rẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fura.

Ẹ tún máa wo ẹni tí asọ̀tàn ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ ọlọ́pàá tàbí dókítà, ó nídìí tó fi lè to ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo ilé bá sì ń dákẹ́ nígbà tó bá wọlé, tó ní ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún òun, ó yẹ ká rò ó wò.

Àmọ́ èyí kò wẹ ọ̀rẹ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ náà lè jẹ́ gbájúẹ̀ lóòótọ́, kó ní orúkọ mẹ́ta, kó máa kó ọtí fún àwọn oníṣòwò abẹ́lẹ̀, kó sì ti ṣètò pé akọ̀wé yìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú. Méjèèjì lè jóòótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ibẹ̀ sì ni irú ìtàn yìí ti ń dùn jù. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń dùn mí bí òǹkọ̀wé bá sáré mú ìwé dókítà jáde ní orí tó gbẹ̀yìn, tó fi gbogbo ẹ̀bi lé ẹnìkan lórí. Lẹ́yìn tó ti fi ojú ìwé 300 kọ́ wa pé ká má gba ẹnu ẹnìkan gbọ́, kò yẹ kó tún ní ká gba ti dókítà láìbéèrè.