Kí Ni 1203 Ń Sọ Lára Tánkà?

Ẹni tó bá ń gba títì Ifẹ̀ sí Iléṣà, tàbí tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ gba Ìkirè àti Gbọ̀ngán, kò ní ṣàìpàdé tánkà epo. Ẹ wo ẹ̀yìn àwọn kan nínú wọn dáadáa. Ẹ ó rí pátákó pupa onígun mẹ́rin tí wọ́n fi igun rẹ̀ kan dúró, àwòrán ọwọ́ iná lókè, nọ́ńbà 3 nísàlẹ̀, 1203 láàárín. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ kan fi ń dá ọkọ̀ rẹ̀ mọ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Epo bẹntiróòlù ni 1203 ń jẹ́, ì báà ṣe ní Iléṣà, ní Jámánì tàbí ní Bràsíìlì.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló gbé ìlànà rẹ̀ kalẹ̀. Ọdún 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹrù tó lè jó, tó lè bú gbàmù, tó lè pani tàbí tó lè bó èèyàn lára, gbogbo rẹ̀ ló ní nọ́ńbà ẹlẹ́yọ mẹ́rin tirẹ̀. Dísù ń jẹ́ 1202, kẹrosíìnì ń jẹ́ 1223, gáàsì ìdáná ń jẹ́ 1075, klorínì tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ ń jẹ́ 1017. Àwọn tó máa kọ́kọ́ dé ibi ìjàm̀bá ni wọ́n ṣe pátákó yìí fún. Awakọ̀ lè ti dákú, ìwé ẹrù lè ti jóná mọ́ iwájú ọkọ̀, panápaná sì lè má gbọ́ èdè mótò bọ́ì. Ara ọkọ̀ ló kù tó lè sọ̀rọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí èèyàn tó súnmọ́ ọn.

Àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń hàn lókèèrè. Pupa ni ti ohun tó ń gbiná. Àwọ̀ ọsàn ni ti ohun abúgbàmù, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ní kúárì. Àwọ̀ ewé ni ti gáàsì tí kì í jó tí kì í sì í ṣe májèlé, bí èyí tó ń hó nínú mínírà. Funfun tó ní agbárí òkú èèyàn ni ti májèlé. Sáyánáìdì tí àwọn awakùsà fi ń yọ góòlù lára òkúta wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ yẹn sì kan ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà gidi, nítorí ilẹ̀ góòlù ni. Yẹ́lò ni ti ohun tí kò ní jó fúnra rẹ̀ àmọ́ tó ń kún iná lọ́wọ́, títí kan irú ajílẹ̀ kan. Funfun lókè, dúdú nísàlẹ̀, ásíìdì nìyẹn. Nọ́ńbà kékeré tó wà ní igun ìsàlẹ̀, láti 1 dé 9, ìpín ewu náà ló ń sọ.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọ̀ búlúù, torí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí wa. Káábáìdì kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ àwọn panẹ́bítà àti wẹ́dà ní Ifẹ̀ àti Iléṣà. Bí omi bá kàn án, ó ń tú gáàsì jáde, gáàsì yẹn ni wọ́n fi ń jó irin. 1402 ni nọ́ńbà rẹ̀, pátákó búlúù ni wọ́n sì ń fi sí ọkọ̀ tó bá kó o, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé omi ni ọ̀tá ẹrù yìí. Ẹ fojú inú wò ó pé ọkọ̀ irú bẹ́ẹ̀ gbiná lágbègbè Mayfair ní Ifẹ̀. Gbogbo wa la ó sáré gbé garawa omi, inú rere la ó sì fi ṣe é, àmọ́ omi yẹn gan-an ni yóò sọ iná kékeré di ńlá. Ẹni tó bá mọ búlúù yóò ké pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe da omi sí i.

Nítorí èyí ni HIGHLY INFLAMMABLE tí wọ́n ń fi ọ̀dà kọ sára tánkà wa kò fi tó rárá. Òótọ́ ni pé ó ń kìlọ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bẹntiróòlù ti ń di afẹ́fẹ́ tó lè gbiná láti nǹkan bí òdì 40 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, nígbà tí dísù kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó gbóná kọjá 50. Ní ọ̀sán Ifẹ̀, bẹntiróòlù tó dà sílẹ̀ ti ń wá iná, dísù kò tíì ṣe tán. Afẹ́fẹ́ epo náà tún wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó ń wọ gọ́tà, ó sì lè bá iná ẹni tó ń dín àkàrà pàdé níbi tí kò ti sí ẹni tó ń rí tánkà. Panápaná tó bá mọ̀ pé 1203 ni yóò gbé fóòmù, ìyẹn ìfófòó tí wọ́n fi ń bo iná, dání, nítorí bẹntiróòlù ń léfòó lórí omi, omi lásán yóò kàn gbé iná kiri ni.

Ní Amẹ́ríkà, òfin sọ pé pátákó gbọ́dọ̀ wà níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì ọkọ̀, kí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan má dín ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Bí ẹrù bá jẹ́ gáàsì olóró tàbí ohun tí omi ń bá jà, bó ti wù kó kéré, pátákó di dandan. Àwọn ẹrù mìíràn tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù tàbí páálí lè má nílò rẹ̀ bí gbogbo wọn kò bá tó 454 kílógíráàmù, ṣùgbọ́n ìdẹ̀ra yẹn kò kan tánkà. Tánkà tó bá gbé bẹntiróòlù sí yàrá kan, tó gbé dísù sí èkejì, lè lo 1203 nìkan, torí èyí tó tètè ń gbiná jù ló yẹ kí wọ́n fi kìlọ̀. Wọ́n tún ka pátákó irọ́ léèwọ̀: ẹrù tí kò sí nínú ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ní àmì lára rẹ̀. Ní Yúróòpù, wọ́n ń fi pákó aláwọ̀ ọsàn kún un, nọ́ńbà méjì lórí ara wọn. 33 lórí 1203 túmọ̀ sí epo tó ń tètè gbiná gan-an. 3 tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì ló fi hàn pé ewu rẹ̀ le. 30 ni ti dísù. Bí ẹ bá rí X ṣáájú nọ́ńbà òkè, ẹ má da omi sí i.

Ohun tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ tánkà tó ti já epo tán. Òfin Amẹ́ríkà sọ pé pátákó kò gbọdọ̀ kúrò títí wọn yóò fi fọ inú tánkà, tí wọn yóò sì lé afẹ́fẹ́ epo jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé òfo kò léwu, bẹ́ẹ̀ òfo ló léwu jù. Kí bẹntiróòlù tó gbiná, afẹ́fẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín nǹkan bí 1.4 sí 7.6 nínú 100 gbogbo afẹ́fẹ́ tó wà níbẹ̀. Nínú tánkà tó kún, afẹ́fẹ́ epo pọ̀ ju kó lè jó lọ. Nínú èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, afẹ́fẹ́ ìta ti wọlé bá èyí tó ṣẹ́kù, ó sì lè bọ́ sí ìwọ̀n tó ń bú gbàmù gẹ́lẹ́. Ẹ̀yin wẹ́dà, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá gbé tánkà wá pé kí ẹ bá wọn jó ojú ibi tó ń jò, tí wọ́n ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́, ẹ má fi iná kàn án kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì ti fi ẹ̀rọ yẹ inú rẹ̀ wò.

Ìwé kan wà tí Amẹ́ríkà, Kánádà àti Mẹ́síkò jọ ń lò, tí panápaná fi ń wá nọ́ńbà. Bí 1203 bá dà sílẹ̀, ó ní kí èèyàn kọ́kọ́ jìnnà tó 50 mítà yíká. Bí tánkà náà bá ń jó, 800 mítà. Bó bá jẹ́ gáàsì ìdáná ló ń jó, 1,600 mítà, nítorí ìkòkò gáàsì tí iná ń lá lè fọ́n ká lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìwọ̀n yìí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Majiya, ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, lóṣù kẹwàá ọdún 2024, àti ní Dikko, ní Ìpínlẹ̀ Niger, lóṣù kìíní ọdún 2025. Àwọn èèyàn rọ́ lọ gbọ́n epo lára tánkà tó ṣubú. Ó lé ní 100 tó kú ní Majiya. Ní Dikko, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Òṣú tàbí níbikíbi lójú ọ̀nà wa, ẹ kọ́kọ́ jìnnà, kí ẹ tó pe 112, tàbí 122 ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Ẹ sọ ibi tó wà, ẹ sọ bóyá ó ń jò tàbí ó ń jó, kí ẹ sì ka nọ́ńbà ara rẹ̀ fún wọn. Bí ẹ kò bá lè rí nọ́ńbà níbi tí ẹ dúró, ẹ sọ àwọ̀ pátákó, kí ẹ má sì súnmọ́ ọn nítorí àtikà á.