Ilé ńlá, òkú, àti obìnrin àlejò: bí ìwé ìfẹ́ gothic ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìwé gothic ni ìtàn ìbẹ̀rù nípa ilé ńlá àtijọ́ tó ní àṣírí, ìfẹ́ sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Lórí èèpo àwọn olówó pọ́ọ́kú irú rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1960 sí 1979, àwòrán kan náà ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan wọ aṣọ òru gígùn, ó ń sá lọ, ó ń bojú wẹ̀yìn. Ilé ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo fèrèsé ló ṣókùnkùn àfi ẹyọ kan tí iná ń tàn nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí irú ìwé yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, kó fi obìnrin tó ń sáré sílẹ̀ ná, kó bèèrè ẹni tó wà nínú yàrá yẹn, àti bóyá òun gan-an ló ni ilé.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé The Castle of Otranto, tí Horace Walpole tẹ̀ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù December 1764, ni gbogbo ènìyàn kà sí àkọ́kọ́. Walpole kò fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ó ní ìwé àtijọ́ kan láti Ítálì ni wọ́n túmọ̀. Ìgbà tí ọjà tà tán ló jẹ́wọ́ nínú ẹ̀dà kejì, ibẹ̀ ló sì ti pè é ní ìtàn gothic. Nínú ìtàn náà, àkẹtẹ̀ irin ràgàjì kan já bọ́ láti òkè, ó tẹ ọmọkùnrin onílé pa lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà tí àṣírí máa tú, ó hàn pé bàbá àgbà onílé náà ti fún ọ̀gá rẹ̀ ní májèlé jẹ, ó wá fi ìwé ìhágún èké gba ilé. Òkú tó ń da ilé rú kò ṣèèṣì ya ibẹ̀. Ilé rẹ̀ ló wá gbà.

Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bí òkú bẹ́ẹ̀. Bí baba bá kú láìhágún, àkọ́bí ọkùnrin nìkan ló ń jogún ilé àti ilẹ̀. Ọdún 1925 ni wọ́n tó ṣe òfin tó pa ìyẹn rẹ́. Àbúrò lè lọ ṣe sójà, ó lè di àlùfáà, ó sì lè wá ọmọ olówó fẹ́. Ẹni tó ti inú ilé ẹbí wá, níbi tí wọ́n ti ń pín ogún ní ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, gbọ́dọ̀ fi èyí sọ́kàn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní yé e ìdí tí ọmọ ìyá méjì fi lè di ọ̀tá títí dójú ikú. Ti obìnrin tún burú ju ìyẹn lọ. Kí òfin 1882 tó dé, obìnrin tó bá wọlé ọkọ, owó àti ẹrù rẹ̀ ti di ti ọkọ. Bó bá ní ilẹ̀, ọkọ ló ń gba owó tó ń wọlé láti orí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè tà á láìjẹ́ pé ìyàwó fọwọ́ sí i. Ìdí nìyí tí ọkọ inú ìwé wọ̀nyí fi ń ti ìyàwó mọ́lé. Ìkà ni lóòótọ́, àmọ́ ìkà tó ní ìwé dúkìá àti kálàmù lọ́wọ́ ni.

Sàréè náà máa ń ṣi Yorùbá lọ́nà. Nílé wa, òkú àgbà nínú ilé kì í ṣe ohun ìjayà. Inú yàrá rẹ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, àwọn ọmọ-ọmọ sì ń sùn nítòsí rẹ̀ láìfòyà. Ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni Òyìnbó ń sin òkú sí. Bí egungun bá wá jáde lábẹ́ pákó ilẹ̀ yàrá, ó túmọ̀ sí pé ẹnì kan kò jẹ́ kí òkú náà dé ibi tó yẹ kó dé. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pa á ni, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ kí ayé rò pé ó ṣì wà láàyè.

Ibi tí gbogbo èyí ti hàn kedere jù ni Jane Eyre, tí Charlotte Brontë tẹ̀ jáde ní 1847 lábẹ́ orúkọ Currer Bell. Orí 38 ni ìwé náà ní. Ní orí 11, Jane, tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti máa kọ́ ọmọ kan ní ìwé, gbọ́ ẹ̀rín kan ní àjà kẹta ilé Thornfield. Wọ́n ní ìránṣẹ́ tó ń ránṣọ níbẹ̀ ló ń rín in. Ní orí 15, ẹnì kan dáná sun bẹ́ẹ̀dì onílé lóru. Ní orí 20, wọ́n gún àlejò kan, wọ́n sì gé e jẹ, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ní orí 25, nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, obìnrin gíga kan wọ yàrá Jane, ó fa ìbòjú ìyàwó ya sí méjì. Ní orí 26, agbẹjọ́rò kan dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì: ọkọ ìyàwó ti níyàwó tẹ́lẹ̀, ìyàwó náà sì wà lókè àjà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Etí ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà iná, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ojúkojú. Ohun tó wà lókè àjà sọ̀ kalẹ̀ dé yàrá onílé, ó sì wọ yàrá Jane fúnra rẹ̀. Àlàfo orí mẹ́rin sí márùn-ún ló wà láàárín àmì kan sí èkejì, inú àlàfo yẹn sì ni ìfẹ́ ti ń dàgbà, torí pé lẹ́yìn ìbẹ̀rù kọ̀ọ̀kan ni àwọn méjèèjì máa ń jókòó sọ̀rọ̀. Bí àlàfo bá gùn jù, ìbẹ̀rù á di ohun ìgbàgbé. Bó bá kúrú jù, ìfẹ́ kò ní rí àyè ta gbòǹgbò.

Kí ló gbé obìnrin yẹn dé òkè àjà? Ogún ni. Rochester onílé ni ọmọ kejì. Baba rẹ̀ kò fẹ́ pín ilẹ̀ sí méjì, ó fi gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ó wá rán àbúrò lọ sí Jàmáíkà láti fẹ́ ọmọ olówó tí wọ́n máa fi £30,000 tẹ̀ lé. Nígbà tí orí ìyàwó dàrú, òfin kò gbà kó kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí wèrè. Ọdún 1937 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fàyè gba ìyẹn. Jane fúnra rẹ̀ jogún £20,000 lọ́dọ̀ arákùnrin baba rẹ̀, ó sì pín in sí mẹ́rin fún ara rẹ̀ àti àwọn ìbátan rẹ̀ mẹ́ta, £5,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Orí-ò-jorí gan-an! Ìgbà tó ṣe èyí tán ló tó padà lọ bá Rochester, ilé sì ti jóná.

Òkú inú ìwé wọ̀nyí pín sí ọ̀nà mẹ́ta. Ti Walpole jẹ́ òkú lóòótọ́. Ti Ann Radcliffe, tó kọ The Mysteries of Udolpho ní 1794, máa ń ní àlàyé níkẹyìn: ọmọbìnrin inú ìtàn ṣí aṣọ dúdú tó bo nǹkan kan lára ògiri, ó dákú, òǹkàwé sì ní láti dúró títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kó tó gbọ́ pé ère tí wọ́n fi ìda mọ ni. Ẹ̀kẹta ni èyí tí òǹkọ̀wé kọ̀ láti sọ bóyá òkú wà tàbí orí ẹni tó ń rí i ló dàrú. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ ni láti ka ẹlẹ́rìí. Bí ènìyàn méjì bá jọ rí i lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí ajá tó wà nínú yàrá bẹ̀rẹ̀ sí gbó, òkú gidi ni. Bí ẹyọ ẹnì kan bá ṣì ni ó ń rí i títí ìwé fi dé àárín, ẹ múra sílẹ̀ fún irú kejì tàbí ẹ̀kẹta.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní paranormal romance lóde òní, ìyẹn ìwé ìfẹ́ tí òkú tàbí ẹ̀dá àràmàǹdà wà nínú rẹ̀, ti kúrò níbẹ̀. Òkú wà, kò sí àríyànjiyàn, nígbà míì òun gan-an ni olólùfẹ́. Àdéhùn méjì ni irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá òǹkàwé ṣe: ilé gbọ́dọ̀ tú àṣírí rẹ̀ síta, àwọn olólùfẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà pọ̀ títí. Àdéhùn kejì ló nira, torí pé báwo ni alààyè ṣe ń bá òkú gbé? Yorùbá mọ irú ọkọ bẹ́ẹ̀, àkúdàáyà ni. Ṣùgbọ́n àkúdàáyà ń sá fún ìlú tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n ni. Ó lè ṣòwò, ó lè bímọ níbòmíràn, ọjọ́ tí ará ilé bá dá a mọ̀ ló pòórá. Òkú gothic kò lè kúrò nílé. Nítorí náà, ọ̀nà tí òǹkọ̀wé lè gbà kò pọ̀: kí òkú tún gba ara, kó padà wá nínú ẹlòmíràn, kí obìnrin padà sí ayé ìgbà tí ọkùnrin ṣì wà láàyè, tàbí kí obìnrin náà kú. Àwọn òǹkàwé ìwé ìfẹ́ kì í sábà dárí ji èyí tó gbẹ̀yìn yẹn.

Ohun mẹ́rin ni ìwé gbọ́dọ̀ ti jẹ́ kó yé wa kó tó lo ìdá mẹ́ta rẹ̀ kan tán: kí ni òkú lè fọwọ́ kàn, ibo ló lè rìn dé, ta ló lè rí i, kí ló sì so ó mọ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bàjẹ́ nìyí. Òkú tí kò lè di ife mú ní orí 6 á wá máa gbé ènìyàn sọ nù ní orí 30 nítorí pé ọ̀tá ti dé. Àléébù kejì ni ìbátan kan tí a kò gbúròó rẹ̀ rí tó kàn jáde ní ìparí pé òun ni apànìyàn. Kò sí yàrá rẹ̀ nínú ilé, kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ogún.

Ẹni tó bá fẹ́ kà á dáadáa, kó mú ìwé pélébé kan àti pẹ́ńsù. Kó ya àjà ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó sàmì sí yàrá tó wà ní títì, kó kọ orúkọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kó kọ ẹbí náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún ìbí àti ọdún ikú, torí pé orúkọ kan náà ni bàbá àgbà, baba àti ọmọ sábà máa ń jẹ́. Ọdún ló ń tú àṣírí jù. Bí wọ́n bá ní ìyàwó àkọ́kọ́ ti kú láti ọdún 12 sẹ́yìn, tí ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ ọdún 10, ìtàn ti là. Kó má fo ibi tí wọ́n ti ń ṣàpèjúwe ojú ọjọ́: òjò àti yìnyín ló ń dí ọ̀nà ilé, orí tí ọ̀nà bá sì ti dí ni kó máa retí àmì tuntun. Ní ti obìnrin tó ń mójú tó ilé, tí kọ́kọ́rọ́ ń dún ní ìbàdí rẹ̀, ọjọ́ àti orúkọ tó bá sọ sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀ ni kí a má tètè gbà lẹ́nu rẹ̀.

Láyé àtijọ́, ilé máa ń jóná ní ìparí. Lóde òní, obìnrin ló ń jogún rẹ̀, tó ń tún un ṣe, tó sì ń gbé inú rẹ̀ pẹ̀lú òkú tó bá níwà. Èyí tó yàtọ̀ sí méjèèjì ni White is for Witching, tí Helen Oyeyemi, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù, kọ ní 2009. Ilé kan ní ìlú Dover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ilé náà ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ó sì kórìíra àjèjì. Sade, obìnrin ará Nàìjíríà tó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wà lára àwọn tó bá a jà. Kí ènìyàn ka Brontë kó tó kà á. Ẹni tó ń sọ ìtàn lè yí padà láàárín gbólóhùn kan ṣoṣo, ẹni tí kò bá sì tíì mọ ọwọ́ irú ìwé yìí lè rò pé ojú ìwé kan ti já sọ nù.