Ilé Mei Lanfang ní Beijing

Ilé Mei Lanfang wà ní ojúlé 9, òpópónà Huguosi, ní agbègbè Xicheng ní Beijing, olú-ìlú Ṣáínà. Ibẹ̀ ni Mei Lanfang (1894–1961), òṣèré òpẹ́rà Beijing tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ, gbé láti 1951 títí ó fi kú. Ọdún 1986 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé ìrántí.

Agboolé ni: ilé mẹ́rin yí àgbàlá kan ká, wọ́n kọjú síra. Ilé ìhà àríwá ló ṣe pàtàkì jù, torí ó kọjú sí gúúsù, oòrùn sì ń wọ inú rẹ̀ nígbà òtútù. Yàrá àlejò, yàrá ìkàwé àti yàrá ìbùsùn Mei ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe fi wọ́n sílẹ̀. Àgbàlá ní igi persimmon àti igi ápù. Lédè Ṣáínà, orúkọ èso méjèèjì, shi àti ping, dún bí àdúrà pé kí ohun gbogbo rọrùn.

Ipa obìnrin, èyí tí wọ́n ń pè ní dan, ni Mei ń ṣe, bíi ti Mei Qiaoling, bàbá bàbá rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ló kọ́kọ́ gun orí ìtàgé. Ẹ̀kọ́ náà le. Wọ́n á gbé bíríkì kan lé orí bẹ́ǹṣì, ọmọ náà á so ẹsẹ̀ igi mọ́ ẹsẹ̀, á dúró lórí bíríkì yẹn títí igi tùràrí kan yóò fi jó tán. Bí ẹsẹ̀ bá gbọ̀n, ilẹ̀ ló ń bá ara rẹ̀. Ojú Mei kò sì mú, kò ríran jìnnà dáadáa, bẹ́ẹ̀ ojú ni dan fi ń sọ̀rọ̀. Ẹyẹlé tó ń sìn ló bá a tún un ṣe: á máa fi ọ̀pá ọparun gígùn darí wọn, á sì máa tẹjú mọ́ tirẹ̀ láàárín ẹyẹ ẹlòmíràn lókè réré.

Òun ni wọ́n tún mọ̀ mọ́ fífi erhu, gòjé olókùn méjì tí ohùn rẹ̀ rọ̀, kún jinghu, gòjé òpẹ́rà Beijing tí ohùn tirẹ̀ ga tó sì mú.

Ó ṣeré ní Japan ní 1919 àti 1924, ní Amẹ́ríkà ní 1930, ní Soviet Union ní 1935. Bertolt Brecht, òǹkọ̀wé eré ará Jámánì, wò ó ní Moscow. Nígbà tí àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Ṣáínà, ó dá irunmú sí, torí onírunmú kò lè ṣe dan. Ọdún 1945 ló padà sórí ìtàgé. Agboolé Huguosi yìí ló ń gbé ní 1959 tó gbé eré tuntun rẹ̀ ìkẹyìn jáde, tó ṣe Mu Guiying, obìnrin ọ̀gágun.