Ẹ Má Fi Pàǹtí Jẹ Ọmọ Níyà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé wa, ọmọ tó bá pẹ́ dé ni wọ́n máa ń ní kó ṣa ọ̀rá nílẹ̀. Èyí tó bá pariwo ní kíláàsì, òun ni yóò lọ dalẹ̀. Èmi náà ṣe é fún ọdún mẹ́ta tí mo kọ́kọ́ fi kọ́ wọn níṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ṣágámù níbí. Kò yé mi nígbà náà pé ohun tí mo ń kọ́ wọn ni pé iṣẹ́ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni pàǹtí kíkó. Ọmọ tí kò ṣẹ̀ á wá máa jù ú sílẹ̀ bó ṣe wù ú. Ẹnìkan ṣáà ń bọ̀ wá pẹ́ dé lọ́la.

Ẹ̀bìrìpò, oúnjẹ kókò tí a máa ń pọ́n sínú ewé ní Rẹ́mọ níbí, ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ pàǹtí báyìí. (Ẹni tó bá ní ìkọ́kọrẹ́ dùn jù ú lọ, Ìjẹ̀bú ni, ẹ fi í sílẹ̀.) A ó jẹ ẹ́, a ó mu píọ̀ wọ́tà lé e, a ó wá ri ewé ẹ̀bìrìpò àti ọ̀rá omi mọ́ inú ihò kan náà ní oko ilé ìwé. Tí sáà bá ń parí lọ, a ó hú u. Ewé ti di ilẹ̀, ẹran ara rẹ̀ ò sí mọ́. Ọ̀rá ńkọ́? Wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, nọ́ńbà fóònù àwọn tó ṣe omi náà ṣì hàn ketekete. Ọmọkùnrin kan ní kí n jẹ́ kóun pè wọ́n kí wọ́n wá gbé ẹrù wọn.

Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ tí alápatà la inú rẹ̀ tó bá ọ̀rá kì í ṣe ìtàn lójú wọn mọ́. Ẹ má sì jó ọ̀rá o, májèlé ni èéfín rẹ̀.

Èèpo pákí ló fìyà jẹ mí jù. Òkìtì àkọ́kọ́ tí a kó jọ pé kó di ajílẹ̀, èèpo tútù nìkan ni mo ní kí wọ́n dà síbẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá olóúnjẹ ẹ̀yìn ògiri fi wá béèrè ta ló kú. Ewé gbígbẹ ni kò sí níbẹ̀. Báyìí, agbọ̀n èèpo kan, agbọ̀n ewé gbígbẹ méjì sí mẹ́ta, a sì ń yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ẹ fún un: tí omi bá ń kán, ẹ fi ewé kún un, tí kò bá dì mọ́ra, ẹ bomi wọ́n ọn. Láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta, á dúdú, òórùn rẹ̀ á dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fi èèpo bọ́ ewúrẹ́, kó sá a gbẹ dáadáa ná. Oró wà nínú tútù.

Nílé, ẹ̀yin ìyá, abọ́ ni kẹ́ ẹ fún ọmọ tó ń lọ ra ẹ̀wà, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún wa. Àwọn ọmọ kíláàsì mi ti rí i pé olóúnjẹ a máa fi ènì sí abọ́ ju bó ṣe ń fi sínú ọ̀rá lọ. Ìyẹn yé wọn ju gbogbo ẹ̀kọ́ mi lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ kan tó pẹ́ dé bẹ̀ mí pé kóun bá wọn yí òkìtì. Mo ní rárá, kó lọ jókòó.